Àga Tó Ń Dúró De Alága

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmín yín pamọ́ ná. Mo mọ̀ yín. Bí ènìyàn bá ti dìde pé òun rí ìran, kò ní tíì la ẹnu tán tí ẹ ó ti máa ṣe àmín, ẹ ó tilẹ̀ ṣe àmín sí ibi tí wọ́n ti ń sun ènìyàn láàyè. Ẹ jẹ́ kí n parí. Pásítọ̀ ti gbà mí láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní kí n ṣe é ní ṣókí, kí n má sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. N kò ní í dárúkọ. Ẹni tó bá jẹ́ pé òun ni mò ń bá wí, ara rẹ̀ á fu ú.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Ìyá Káńsù lẹ̀ ń pè mí lẹ́yìn, ẹ rò pé n kò gbọ́. Orúkọ náà kò bí mi nínú. Láti ìgbà tí káńsù ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé orí kòtò àgbàrá àdúgbò wa ni mo ti ń lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, tí mò ń béèrè pé ibo ni wọ́n fẹ́ kí omi gbà. Èsì kan náà ni wọ́n máa ń fún mi. Akọ̀wé á ní, màmá, a ti gbọ́. Káńsẹ́lọ̀ á ní a ti gbọ́. Alága káńsù fúnra rẹ̀, bó bá wà nínú mọ́tò, á yọ orí lójú fèrèsé, á ní a ti gbọ́, dírẹ́bà á sì wa mọ́tò lọ. Pẹ̀lú gbogbo gbígbọ́ yẹn, kò sí ẹni tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀.

Òjò tó kọjá ló wá bá wa parí ọ̀rọ̀ náà. Omi kò rí ọ̀nà gbà, ó yà wọ ilé, ó sì gbé Àbẹ̀kẹ́ lọ, Àbẹ̀kẹ́ wa tó máa ń dá orin fún wa níbí yìí. Ẹ rántí bí a ṣe rí i. Irun rẹ̀ ló há mọ́ irin lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù káńsù. Àwọn ọkùnrin wa ní láti gé irin kí wọ́n tó rí i yọ, apá rẹ̀ kan sì ti, ẹ jẹ́ n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló jókòó níwájú mi yìí. Màmá Àbẹ̀kẹ́, ẹ má bínú pé mo sọ ọ́. A sunkún, a gbàdúrà, a ní ká fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Èmi náà wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀. Màmá sì padà sínú yàrá kan náà, létí kòtò kan náà, torí pé wọn kò ní ibòmíràn. Òjò tuntun ti ń kù báyìí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí ni káńsẹ́lọ̀ wá bá mi nílé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti agbádá funfun. Ó ní alága káńsù kí mi, ó ní wọ́n ti rí i pé obìnrin bí ọkùnrin ni mí, wọ́n fẹ́ fi mí jẹ alága ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè àdúgbò. Wọn ó fún mi ní ọ́fíìsì, wọn ó fún mi ní àga tó ń yí. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ̀ mí fún, kí n gbé ọ̀rọ̀ kòtò tì títí ìbò á fi kọjá. Mo ní n óò gbàdúrà sí i. Mo sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ ìyá, gbogbo yín lẹ ní kí n gbà á, ẹ ní Ọlọ́run ló gbé mi ga, àwọn kan tilẹ̀ ti ń kí mi ní "alága." Ó dùn létí mi, n kò ní í purọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbààwẹ̀ lánàá. Lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, mo gbé orí lé etí ibùsùn níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Mo ń sọ pé, Olúwa, ṣé kí n jókòó àbí kí n má jókòó? Ẹnu ìyẹn ni mo wà tí oorun fi gbé mi lọ.

Ọkùnrin kan fọwọ́ kàn mí léjìká. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ kò ṣeé wò pẹ́, kò sì kí mi. Ó kàn ní, "Dìde." Mo ní, ta ni yín, ẹ̀yin ènìyàn ńlá? Ó ti ń lọ. Mo sáré tẹ̀ lé e láìwọ bàtà.

A bọ́ sójú títì gbòòrò kan. Ó dúdú, ó ń dán, kò sí ihò kankan lójú rẹ̀. Mo ní, ẹ gbọ́, ta ló ṣe títì yìí, ó mà dára ju ti àdúgbò wa lọ. Ọkùnrin náà, amọ̀nà mi, ń lọ níwájú. Àmọ́ bí mo ṣe ń rìn ni mo rí i pé ilẹ̀ náà rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó móoru, ó sì ń gbọ̀n. Mo bojú wo ẹ̀gbẹ́ títì. Orí ènìyàn ni wọ́n tò síbẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ti rì wọ́n mọ́lẹ̀ dé ọrùn, wọ́n fi ẹ̀mú fa ahọ́n oníkálukú jáde, wọ́n fà á gùn, wọ́n fà á fẹ̀, wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ahọ́n ni mo ti ń tẹ̀ bọ̀, ahọ́n ni títì tí mò ń yìn, mo fò sókè, ibi tí mo bọ́ sí náà, ahọ́n ni. Àwọn kan ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀dà tó ń hó, wọ́n ń dà á lé e lórí, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ títì sì ń yí bọ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde lábẹ́ rẹ̀. Àwọn orí náà kò lè ké. Ojú wọn nìkan ló ń ké.

Amọ̀nà mi ní, "Títì ni wọ́n ṣèlérí nígbà ìbò. Òun ni wọ́n ń ṣe."

A yà sí ilé gígùn kan tí òórùn ẹran tó ń jóná kún inú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ ni àwọn tó máa ń sọ fún obìnrin pé kó tó gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù káńsù, kó kọ́kọ́ wá bá àwọn ní òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ní ìyàwó nílé o, àwọn mìíràn sì ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fi wáyà tó ní ẹ̀gún dè wọ́n mọ́ ibùsùn irin. Kọ́kọ́rọ́ tó pọ́n nínú iná ni wọ́n ń kì bọ̀ wọ́n lójú, wọ́n á yí i, ẹyinjú á bẹ́, òmíràn á hù síbẹ̀, wọ́n á tún kì í bọ̀ ọ́. Mo ní ohun tí mo rí ti tó mi. Amọ̀nà mi ní kò tíì tó.

Lẹ́yìn èyí ni a dé pápá kan tó kún fún ilé kéékèèké. Àwọn ènìyàn ń sáré wọnú ilé wọ̀nyí, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Àwọn aninilára ni, àwọn tó máa ń kó ọlọ́pàá lẹ́yìn wá wó ilé aláìní, tí wọn kì í jẹ́ kó kó ìkòkò rẹ̀ jáde. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn ó kọ́kọ́ fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì kọjá ara wọn lára ògiri rẹ, bí o bá ti jí rí i, o ti mọ̀ pé ó parí fún ọ. Níbẹ̀, kì í ṣe ara ògiri ni wọ́n ń fà á sí. Ẹ̀dá kan tó ga ju òrùlé lọ ń na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, á fi ọwọ́ kan di ènìyàn lọ́rùn mú, á fi irin gbígbóná fa àyà rẹ̀ láti èjìká ọ̀tún dé ìbàdí òsì, á tún fà á láti òsì dé ọ̀tún, ẹran ara á là, eegun á funfun jáde. Katakata á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Wọ́n ń lu ilẹ̀kùn láti inú, wọ́n ń pariwo pé ènìyàn wà nínú ilé, ènìyàn wà nínú ilé o, katakata kò dúró, ó ń ti ògiri wó lù wọ́n, ó ń gun orí wọn, mo gbọ́ bí eegun ṣe ń fọ́, mo rí bí ìfun ṣe ń lọ́ mọ́ irin rẹ̀, ó fẹ̀yìn rìn, ó tún gùn wọ́n, títí gbogbo rẹ̀ fi di ẹrẹ̀ pupa. Kí n tó mí, ilé ti dìde padà, wọ́n sì ti ń sáré wọ̀ ọ́.

Mo bi amọ̀nà mi bóyá wọ́n máa ń fún wọn ní àyè kí wọ́n sá. Ó ní, "Ó tó àyè tí wọ́n fún ẹlòmíràn."

Ìwájú díẹ̀, a dé etí kòtò kan. Mo mọ òórùn rẹ̀. Òórùn kòtò tiwa ni, ìgbẹ́, ìtọ̀, òkú ajá. Wọ́n fi asẹ́ irin bo orí rẹ̀, ènìyàn kún inú rẹ̀, omi ń ga sí i. Ó dé ọrùn wọn, ó dé ẹnu wọn, wọ́n ń na imú gba àárín irin kí wọ́n lè mí, wọ́n ń gun ara wọn, ẹni tó wà lókè ń fi gìgísẹ̀ fọ́ eyín ẹni tó wà nísàlẹ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń já ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ. Ọwọ́ kan yọ láàárín irin, ó di etí aṣọ mi mú, ó ń pè mí ní Ìyá Káńsù.

Mo wo ojú rẹ̀. Ọ̀gá àwọn wolé-wolé wa àtijọ́ ni, ẹni tó wá wo ilẹ̀ náà tó sì ní kò séwu, kí wọ́n máa kọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn lọ. Ẹ rántí òkú rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni a ti ṣe é, a kọrin títí ohùn wa fi há pé ó ti délé. Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀ tí ẹ wà níbí, ẹ forí jì mí, ilé kọ́ ló dé. Ọkùnrin tó máa ń ní kí wọ́n fà mí jáde ní ọ́fíìsì òun, ó di aṣọ mi mú, omi ìgbẹ́ ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ń jáde ní imú rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n la kòtò yìí. Omi kò rí ọ̀nà gbà."

Kí n tó fèsì, ẹ̀dá kan tó dúró lórí asẹ́ náà fi gìgísẹ̀ tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ irin, ó ń tẹ̀ ẹ́ títí àwọn ìka fi ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn. Ó ní, "A ti gbọ́."

Ibi tí a wá kàn lẹ́yìn ìyẹn ni gbọ̀ngàn kan tó jọ gbọ̀ngàn ìpàdé káńsù, tábìlì gígùn láàárín, àga yí i ká. Irin ni gbogbo àga náà, iná wà lábẹ́ wọn, wọ́n ti pọ́n. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ irin. Bí ọ̀kan bá fẹ́ dìde, awọ ìdí àti itan rẹ̀ á bó sílẹ̀ sórí àga, á bojú wẹ̀yìn, á rí i, á ké, á sì ṣubú padà sórí rẹ̀. Àga kan ṣófo láàárín wọn. Òun ni wọ́n ń fẹ́ná sí jù. Mo bi amọ̀nà mi pé àga ta nìyẹn.

Ó ní, "Ti alága."

Ẹ̀yin ará, inú mi dùn. Mo rẹ́rìn-ín ní ọ̀run àpáàdì. Mo ní, Olúwa, o ṣeun, o mà rí gbogbo rẹ̀, alága káńsù wa, tìẹ dé. Mo tilẹ̀ sọ fún àwọn tó ń fẹ́ná pé kí wọ́n tún igi fi sí i. Mo wá ń rò ó pé báwo ni ìdí ńlá ọkùnrin yẹn ṣe fẹ́ wọ inú àga náà. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí pé àga kékeré ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ẹ sì wò mí bí mo ṣe dúró yìí, bí mo bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yín, ẹsẹ̀ mi kì í kan ilẹ̀. Lórí àga tí mo rí yẹn, á kàn án.

Mo ní, "Alága wo?"

Ó ní, "Ìwọ lo fi káńsù kún un. Alága ni èmi wí."

Àwọn ẹ̀dá tó ń fẹ́ná yíjú sí mi, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù ju iná lọ. Wọ́n ní ẹ káàbọ̀ o, alága, ẹ máa bọ̀ wá jókòó, a ti ń retí yín, wọ́n sì dìde, wọ́n gbá mi mú tapá tẹsẹ̀, mo fi eyín ya ọ̀kan létí, mo ta òmíràn nípàá láyà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kí mi, wọ́n ń gbé mi lọ, iná mú etí ìró mi, mo gbóòórùn irun orí mi, ẹ̀yìn itan mi kan irin, mo gbọ́ bó ṣe dún bí ẹja nínú epo gbígbóná, mo ń ké pé n kò tíì gbà á, ẹ fi mí sílẹ̀, n kò tíì gbà á, mo ní n óò gbàdúrà sí i ni, n kò tíì gbà á!

Amọ̀nà mi ní, "Ìdí nìyẹn tó fi ṣófo." Ó na ọwọ́, ó já mi gbà lọ́wọ́ wọn.

Bí mo ṣe la ojú, afẹ́fẹ́ tútù ló ń fẹ́ sí mi lára. Ìlú kan ni a wà. Odò ń ṣàn láàárín rẹ̀, ó mọ́, kò sì sí ẹni tó kọ́ nǹkan kan dí i lọ́nà. Kò sí àmì pupa lára ògiri ẹnikẹ́ni. Mo rí bàbá tó ń ta kẹrosíìnì ní ìkóríta wa, ẹni tí wọ́n wó ilé rẹ̀ tí ìbànújẹ́ sì pa á. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé tirẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ó ń sinmi. Ó kí mi, kò tilẹ̀ dìde. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kọrin lókèèrè, ẹni tó ń dá a, mo mọ ohùn rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ ni. Ara rẹ̀ gbẹ, irun rẹ̀ wà ní dídì, apá rẹ̀ méjèèjì pé. Mo bú sẹ́kún. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe, ó dì mọ́ mi. Mo rò pé á sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú omi fún mi, kò sọ ọ́.

Ó ní, "Ìyá, ṣé wọ́n ti la kòtò yẹn?"

Ó tún bi mí pé màámi ńkọ́, ṣé inú yàrá yẹn náà ni wọ́n ṣì ń sùn? Ẹ̀yin ará, kí ni ẹ bá ní kí n sọ? Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo wa ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, a ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ó wò mí títí. Kì í ṣe ìbínú ló wà lójú rẹ̀, ì bá sàn kó jẹ́ ìbínú. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo wà níbí, mo sì bi í. Ó ní ẹ̀yin ni Òun fi lé lọ́wọ́."

Bí mo ṣe ń ya ẹnu pé kí n bẹ̀ ẹ́, mo jí. Orúnkún mi ṣì wà nílẹ̀, òógùn ti bò mí, ọ̀sán kò tíì kọjá. Ẹ̀yìn itan mi ń ta mí. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ wá bá mi nínú yàrá aṣọ lẹ́yìn ìsìn, ibi tó bó wà níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n rán mi nìyí. Ẹni tó ń gba ipò kó lè pa ẹnu mọ́, kó bẹ̀rù. Ẹni tó ń fi orúkọ Ọlọ́run bo ọ̀lẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó bẹ̀rù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò pa iná àga yẹn nígbà tí wọ́n fà mí kúrò lórí rẹ̀ o. Káńsẹ́lọ̀ ti rán mọ́tò wá, ó wà lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, ó ń dúró de alága. Ẹni tó bá wù nínú yín kó máa lọ bá a. Èmi kò jókòó.

Màmá Àbẹ̀kẹ́, ẹ dìde, ẹ fún mi lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ mi lẹ ó sùn lónìí. A ó lọ kó ẹrù yín, lẹ́yìn náà a ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kọnkéré orí kòtò náà fúnra wa, ẹni tó bá ní ọkọ́ tàbí òòlù nílé kó gbé e bọ̀. Wọ́n lè kó ọlọ́pàá wá lé wa lórí. Kí wọ́n bá wa níbẹ̀. Pásítọ̀, oore-ọ̀fẹ́ tí a máa ń ṣe kí ìsìn tó parí, ẹ dá a dúró ná. Ẹnu kòtò ni a ó ti ṣe é lónìí.